Mo bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, kílò mi ń gòkè dípò kó wálẹ̀: kí ló fà á?

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbi, ẹ kú ilé o. N ó to gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ má baà máa bi mí léèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 41, mo ga ní mítà 1.63. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kílò 82 ni ìwọ̀n kà. Lónìí tó pé ọjọ́ 17, ó ka 84.3. Kílò 2.3 ló fi lé.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 45 ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, láti Ìtòkú títí dé ẹsẹ̀ Olúmọ, gígun àti sísọ̀ lórí àwọn òkè tó wà níbẹ̀, kí n tó padà sílé. Ìṣẹ́gun àti Sátidé, mo máa ń lóṣòó kí n tún dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ́nà mẹ́ta, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lítà 4 lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà n ó fo okùn fún ìṣẹ́jú 10. Ọjọ́ méjì yòókù, ìsinmi.

Ní ti oúnjẹ, mo ti yọ ẹ̀bà alẹ́ kúrò. Láàárọ̀, ògì àti mọ́ínmọ́ín. Lọ́sàn-án, láfún àti ewédú. Lálẹ́, èso tàbí ẹ̀pà sísun. Bí mo bá ti ibi ìrìn dé, òùngbẹ máa ń gbẹ mí, máàtì ìgò kan ni mo sì máa ń mu. Ara ríro pọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, diclofenac ni mò ń lò sí i, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Títí di ìsinsìnyí, mo máa ń lò ó bí itan bá le.

Ilé oògùn kan ní Pánsẹ́kẹ̀ ni mo ti gun ìwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ti òní, ìwọ̀n onísípíríǹgì tó wà nílé ni. Aṣọ mi kò fún jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé kí n dá eré náà dúró ni, àbí kí n tún dín oúnjẹ kù?

Olùkọ́ Ìdárayá, Kútọ̀:

Ẹ má dá a dúró, ẹ má sì tíì dín oúnjẹ kù. Ìṣirò kékeré kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe.

Kílò kan ọ̀rá ara tó bíi kálórì 7,700. Kí kílò 2.3 tó lè jẹ́ ọ̀rá pátápátá, ẹ ní láti ti jẹ bíi kálórì 17,700 lé lórí ohun tí ara yín ń lò láàárín ọjọ́ 17 yìí. Ìyẹn ju 1,000 lọ lójoojúmọ́. Bíi ẹni tó tún ń ro 300 giramu ìyẹ̀fun láfún jẹ lójoojúmọ́ ni, lẹ́yìn tó ti jẹun yó tán. Ẹni tó yọ ẹ̀bà alẹ́ kúrò kò lè ṣe ìyẹn kó má mọ̀. Nítorí náà, ọ̀rá lè wà nínú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pọ̀ jù.

Iṣan náà kọ́. Ẹ óò gbọ́ ọ ní gíìmù pé "ọ̀rá ló ń di iṣan." Ọ̀rá kì í di iṣan, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan wúwo, tó ń jẹun dáadáa, tó ń sùn dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà kò lè ní ju bíi ìdajì kílò iṣan lọ lóṣù kan. Ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni wọ́n ń fi iṣan sọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn má wo ibi tó yẹ kó wò.

Omi ni. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà wọlé.

Èkínní ni àtúnṣe. Iṣẹ́ tí iṣan kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń já a wẹ́wẹ́ ní ibi tí ojú kò rí. Ara á wá da omi àti àwọn ohun tó ń tún un ṣe síbẹ̀, bí ibi tí èèyàn fi gbá nǹkan ṣe ń wú. Ìdí tí itan yín fi ń le nìyẹn. Ìrora náà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé sísọ̀kalẹ̀ ló ń já iṣan jù, kì í ṣe gígun òkè. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan iwájú itan ń gùn lọ bó ti ń fa ara padà kó má ṣubú, irú iṣẹ́ yẹn ló sì ń ṣe é léṣe. Lílóṣòó náà bákan náà, nígbà tí ẹ bá ń lọ sílẹ̀. Abẹ́òkúta yìí, kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ rìn gbà tí kò ní sọ̀kalẹ̀.

Èkejì ni ṣúgà tí ara ń tọ́jú sínú iṣan, tí àwọn dókítà ń pè ní glycogen. Láfún, ògì, iṣu, gbogbo wọn ló ń di èyí. Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, iṣan á fẹ àyè ìpamọ́ yìí kó má baà ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Giramu kan rẹ̀ máa ń di omi bíi giramu mẹ́ta mọ́ra. Bí iṣan bá fi 200 giramu kún ìpamọ́, omi 600 giramu á tẹ̀ lé e: 800 giramu lórí ìwọ̀n, kò sì sí ọ̀rá kankan níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ìrìn kíákíá tàbí eré sísá bẹ̀rẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ó lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa. Omi inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó bíi lítà 3. Ẹ rí i pé ìyẹn nìkan lè fi 300 giramu kún ìwọ̀n. Ohun rere ni, òun ni ọkàn fi ń rọrùn láti fún ẹ̀jẹ̀ ká ara, òun náà sì ni ara fi ń làágùn dáadáa.

Ti àtúnṣe máa ń lọ bí ara bá ti mọ iṣẹ́ náà lára. Ti ṣúgà inú iṣan àti ti ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń ṣe eré náà. Ọ̀rá tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ló máa wá pọ̀ ju omi tó wọlé lọ, bíi ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, kí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú jáwọ́, ó sì máa ń dùn mí púpọ̀, torí wọn kò jìnnà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ dáhùn ìbéèrè méjì yìí fún mi: ìgbà wo ni nǹkan oṣù yín yóò dé? Ǹjẹ́ oògùn mìíràn wà tí ẹ ń lò yàtọ̀ sí diclofenac yẹn?

Oníwọ̀n Ọ̀mídá:

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fi wọn ara yín. 82 ti Pánsẹ́kẹ̀ àti 84.3 ti ilé kò ṣeé yọ kúrò lára ara wọn. Bóyá aṣọ àti bàtà wà lọ́rùn yín nílé oògùn, bóyá ẹ ti jẹun, kò sí ẹni tó mọ̀.

Ìwọ̀n onísípíríǹgì, bó bá ti pẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ á dẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó nígbà tí nǹkan kan kò sí lórí rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí òdo gan-an. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yí bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí i. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì tàbí táìlì tó tẹ́jú. Orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní, irọ́ ni yóò máa pa.

Òdo nìkan kò tó, torí ìwọ̀n lè pé sí òdo kó má pé sí 80. Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì, kí wọ́n gbé àpò kan tí wọn kò tíì tú lé e. Kílò 50 ló yẹ kó kà. Bó bá ka 51, ẹ mọ̀ pé ó ń fi kún un, àfikún náà sì lè ju kílò kan lọ ní bèbè 80. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá ń ka iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àpò kan náà, ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́, ẹ ra òmíràn. Bó bá ń ka iye kan náà nígbà gbogbo, ẹ ṣì lè lò ó kódà bí kò tilẹ̀ pé, torí ìyàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ la ń wá.

Onímọ̀ Oúnjẹ, Ìdí-Àbá:

Mo fara mọ́ ohun tí olùkọ́ sọ nípa omi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi omi bo oúnjẹ mọ́lẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ ni omi ń jẹ́ àwáwí tó tọ̀nà. Bí oúnjẹ bá ní àléébù, oṣù kejì ni yóò hàn.

Àǹtí, ìrìn ìṣẹ́jú 45 fún ẹni tó jẹ́ kílò 82 máa ń ná bíi kálórì 200 lé lórí ohun tí ara ìbá ná bí ẹ bá jókòó. Ẹ fi òkè kún un, ká ní ó tó 250. Máàtì ìgò kan, kálórì rẹ̀ súnmọ́ 200. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ ìgò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, ìgò yẹn ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà padà kí ẹ tó bọ́ bàtà. Míníràlì ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà náà kò yàtọ̀. Òùngbẹ ni ẹ ní, omi ni kí ẹ mu: ìdajì lítà kí ẹ tó kúrò nílé àti nígbà tí ẹ bá dé. Ìrìn tí kò tó wákàtí kan kò nílò ṣúgà.

Ẹ̀pà alẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ̀pà dára, àmọ́ 100 giramu rẹ̀ tó kálórì 570, ẹni tó ń jẹ ẹ́ láti inú ìgò nígbà tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kì í mọ ìgbà tó kọjá ibẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi 30 giramu, sínú àwo, kí ẹ dé ìgò. Bí ẹ bá yọ ẹ̀bà alẹ́ kúrò tí ẹ sì fi ìdajì ìgò ẹ̀pà rọ́pò rẹ̀, ẹ ti fi kún un ni. Epo pupa tàbí òróró, ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ bíi kálórì 120. Ẹ fi ṣíbí wọn ọ́n sínú ìkòkò, ẹ má da á láti ẹnu ìgò.

Láfún kò burú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oúnjẹ Ẹ̀gbá ló ń mú èèyàn sanra. Ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ wọn ìyẹ̀fun kí ẹ tó rò ó: 100 giramu gbígbẹ jẹ́ bíi kálórì 340 sí 350. Ẹ lo 120 giramu fún oúnjẹ ọ̀sán, kí ewédú pọ̀, kí ẹja tàbí ẹran tó wà níbẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ yín láìka ìka mọ́ ọn. Pọ̀nmọ́ kò lè dípò ẹja, kò ní gbogbo ohun tí iṣan nílò. Àtúnṣe iṣan ń fẹ́ èròjà amáradàgbà. Ẹyin kan ní bíi giramu 6, ẹ̀wà wà, wàrà wà, mọ́ínmọ́ín yín yẹn dáa púpọ̀.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju giramu 5 lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí a gé lórí, mágí wà nínú kíkà yẹn, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí. Ọbẹ̀ ata tó ní mágí mẹ́rin mẹ́rin, ẹja gbígbẹ oníyọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á hàn lórí ìwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kílò kan lè ti ibẹ̀ wá, kó sì lọ ní ọjọ́ méjì.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kà: lẹ́yìn ìrìn ìdájí, kí lẹ ń ṣe títí di alẹ́? Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, tó wá ń gun ọ̀kadà torí pé itan ń ro ó, tó sì jókòó sídìí àdìrẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, lè ti dá gbogbo ohun tó ná láàárọ̀ padà. Ẹ máa dìde rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní wákàtí wákàtí. Rírìn náà tún ń jẹ́ kí ìrora itan tètè lọ.

Ọmọ Aṣẹ́rò:

Ẹ jọ̀ọ́, tíì tó ń jẹ́ kí èèyàn ṣu dáadáa àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wé mọ́ ikùn ńkọ́? Wọ́n ní kílò méjì máa ń lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Apòògùn Ìjàyè:

Ó máa ń lọ lóòótọ́. Omi àti ìgbẹ́ ló ń lọ. Púpọ̀ nínú tíì wọ̀nyí ní ewé senna nínú, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Ìgbà tí oúnjẹ bá fi dé ibi tí senna ti ń ṣiṣẹ́, ara ti gba kálórì inú rẹ̀ tán. Ẹni tó bá mu ún pẹ́, potassium, èròjà kan tí ọkàn nílò, á dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa lù ségesège. Náílọ́ọ̀nù ń fa òógùn, òógùn kì í ṣe ọ̀rá. Bí èèyàn bá mu omi, gbogbo rẹ̀ á padà. Láti wé e mọ́ra sáré nínú oòrùn Abẹ́òkúta, ooru lè mú un dákú. Má ṣe é, àbúrò.

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Olùkọ́, nǹkan oṣù mi yóò dé ní bíi ọjọ́ mẹ́rin sí i. Oògùn mìíràn tí mò ń lò ni amlodipine 5 miligiramu fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti kọ ọ́ fún mi. Ṣé ó kàn án ni?

Apòògùn Ìjàyè:

Ó kàn án púpọ̀, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí.

Ẹ dá diclofenac dúró lónìí. Òun, ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń jẹ́ kí kídìnrín di iyọ̀ àti omi mú sára. Ìyẹn nìkan lè fi kún ìwọ̀n yín. Wọ́n tún ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ máa dá a lò fún ara ríro, ó sì ń ṣe kídìnrín léṣe bí èèyàn bá ń làágùn púpọ̀ tí kò mu omi tó. Bí ìrora bá le, paracetamol 500 miligiramu, ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́fà kọjá kí ẹ tó tún lò ó, kó má sì ju ẹyọ mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Lọ́pọ̀ ìgbà ìrora yìí kò tiẹ̀ nílò oògùn. Ó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún.

Ẹ MÁ dá amlodipine dúró. Òótọ́ ni pé ó máa ń jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ wú fún àwọn kan, omi ni ìyẹn náà. Dókítà ló lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí lálẹ́ òní: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun yín, ní òkè ọrùn ẹsẹ̀, fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ gbé e kúrò. Bí ojú rẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, omi ti jókòó síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ lọ sọ fún ẹni tó kọ oògùn yín. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń ro yín, tó gbóná, ilé ìwòsàn ni kíákíá, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, àwọn àmì tí kì í dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni pé kí kílò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè láàárín ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú èémí tó ń gé. Kí èèyàn má lè sùn gbalaja àfi bó bá to ìrọ̀rí ga. Kí ojú wú láràárọ̀. Kí ìtọ̀ dúdú bíi zobo lẹ́yìn eré tó le. Èyí tó kẹ́yìn yẹn túmọ̀ sí pé iṣan ti fọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè ba kídìnrín jẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS ní láti ṣọ́ra fún un ju àwọn yòókù lọ: kó máa fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀ sí i, kó mu omi, kó dúró bí ara bá ti ń kọ̀. Ẹni tó jẹ́ SS, kó má bẹ̀rẹ̀ láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ìjàyè ní ilé ìwòsàn ìjọba, Ìdí-Àbá náà ní ti ìjọba àpapọ̀.

Àwọn oògùn mìíràn tó ń mú kílò gòkè tí èèyàn lè má fura sí: abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta fún àwọn kan, prednisolone àti dexamethasone, cyproheptadine tó wà nínú àwọn oògùn tó ń mú ebi pa èèyàn, insulin. Ẹni tó bá ń ra àgúnmu tàbí oògùn "ara líle" tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó ṣọ́ra. Bí òtútù bá ń mú èèyàn nígbà tí ara àwọn yòókù gbóná, tó ń rẹ̀ ẹ́, tí ìgbẹ́ gan, tí awọ ara gbẹ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà nínú ọrùn. Àǹtí, bí nǹkan oṣù náà bá kọjá ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún. Ọdún 41 kò tíì kọjá rẹ̀.

Olùkọ́ Ìdárayá, Kútọ̀:

Apòògùn, ẹ ṣé tí ẹ béèrè jinlẹ̀. Ìdáhùn yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru yí iṣẹ́ náà padà díẹ̀, ìyá aládìrẹ, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. Ìrìn wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ohun tí ẹ óò yí padà ni pé bí ẹ bá ń dìde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má sé èémí. Ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń dìde. Sísé èémí gbé nǹkan máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ka 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, kò sí eré lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn ni.

Okùn fífò, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ́ kílò 82 kò tíì mọ ọ́n lára. Ẹ fi ìrìn ìṣẹ́jú 20 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú rọ́pò rẹ̀, ní pápá ìṣeré tàbí ní títì tó gbòòrò. Ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ 135, ẹ fi 20 méjì kún un, ó di 175 lọ́sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 150 sí 300, pẹ̀lú iṣẹ́ iṣan ọjọ́ méjì, ẹ ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Olúmọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ kékeré kékeré, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀.

Ní ti kílò, ẹ gbàgbé 82 àti 84.3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ gun ìwọ̀n kan náà láràárọ̀ bí ẹ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, kí ẹ tó mu omi, pẹ̀lú ìró fẹ́lẹ́ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe ìdájọ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ keje, ẹ ro méjèèje pọ̀, kí ẹ pín in sí méje. Bí àpẹẹrẹ, 84.3, 83.9, 84.6, 84.1, 83.8, 84.0, 83.7: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 588.4, ìpín rẹ̀ jẹ́ 84.1. Ìyẹn ni kílò ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ rí i bí ìwọ̀n ṣe fò sí 84.6 láàárín, kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Nǹkan oṣù tó ku ọjọ́ mẹ́rin, omi kílò kan tàbí méjì lè ti ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù wé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn nǹkan oṣù yìí ni kí ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti oṣù tó ń bọ̀.

Téèpù aránṣọ ni mo fọkàn tán ju ìwọ̀n lọ. Ẹ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kí ẹ fi téèpù yí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta, ẹ má fà á pọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fún obìnrin, bó bá kọjá 80 sẹ̀ǹtímítà, ewu àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ti ń pọ̀ sí i. Fún ọkùnrin, 94. Bí téèpù bá ń dín kù tí ìwọ̀n dúró, ọ̀rá ń lọ, ẹ máa bá a lọ. Bí méjèèjì bá ṣì ń gòkè ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ padà sọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí, ẹ̀pà àti ìtọ́wò ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú:

Mo ti gbé ìwọ̀n náà lọ sọ́dọ̀ onísìmẹ́ńtì. Ó ka 51 fún àpò 50, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tẹ ojúgun, ó jìn díẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó sì tètè kún. Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru ka 148 lórí 92 lálẹ́ yìí, bí mo ṣe wọlé báyìí ni mo wọ̀n ọ́n.

Apòògùn Ìjàyè:

Ìwọ̀n yẹn ń fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un nìyẹn, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, kò yí padà. Ṣùgbọ́n 148 lórí 92 ga jù fún ẹni tó ń lo oògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ ṣe wọlé tí ẹ wọ̀n ọ́n lè fi kún un. Ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó lo oògùn: ẹ kọ́kọ́ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn yín lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní déédéé àyà, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje láìlo diclofenac, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú kílò yín, kí ẹ mú ìwé náà tọ ẹni tó kọ amlodipine fún yín lọ, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín hàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru náà bá kọjá 180 lọ́jọ́ kan láàárín ọjọ́ méje yìí, tàbí tí orí bá ń fọ́ yín tí ojú ń ṣú, ẹ má dúró de ọjọ́ keje.